Mo fẹ́ mú bàbá mi lọ gbá gọ́ọ̀fù létí òkun ní St Andrews: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àrẹ̀mọ_Edinburgh:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Bàbá mi ń bọ̀ láti Ìbàdàn ní oṣù Keje, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n máa lò lọ́dọ̀ wa níbí. Ẹni ọdún 72 ni wọ́n. Kékeré ni wọ́n ti ń ru àpò gọ́ọ̀fù fún àwọn òyìnbó, ṣílè ni wọ́n ń gbà nígbà náà. Tí àwọn ọ̀gá bá ti relé, wọ́n á mú ọ̀pá kan ṣoṣo tí wọ́n ní, wọ́n á máa fi gbá bọ́ọ̀lù títí ilẹ̀ á fi ṣú. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nìyẹn. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni mo ti ń gbọ́ orúkọ St Andrews, ìlú gọ́ọ̀fù létí òkun ní Skọ́tlándì níbí, lẹ́nu wọn.

Mo fẹ́ mú wọn lọ síbẹ̀ kí wọ́n tó padà sílé. Èmi fúnra mi ò tíì gbá gọ́ọ̀fù ju ọdún méjì lọ, pápá inú ìlú tí igi yí ká ni mo sì mọ̀. Ẹnìkan níbi iṣẹ́ wa ní gọ́ọ̀fù etí òkun yàtọ̀, pé kí n kọ́ Dàdí bí wọ́n ṣe ń gbé bọ́ọ̀lù lọ sókè dáadáa kí a tó lọ. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Báwo la ṣe ń rí àyè gbá? Kí la máa wọ̀? Ọjọ́ mẹ́ta péré ni mo lè gbà níbi iṣẹ́, mi ò fẹ́ kí ó bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

Ẹ̀fúùfù_Lẹ́lẹ́:
Ẹ kú ìmúra, Àrẹ̀mọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ́ Dàdí ní nǹkan kan. Ìmọ̀ràn tí wọ́n fún yín yẹn dára fún pápá tí ilẹ̀ rẹ̀ rọ̀. Kò dára fún St Andrews.

Ilẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń pè ní links ni ilẹ̀ iyanrìn tó wà láàárín etí òkun àti oko àgbẹ̀. Òkun ló kó iyanrìn náà wá, atẹ́gùn ló fẹ́ ẹ di òkìtì àti kòtò, koríko tín-ín-rín ló wá hù lé e lórí. Irúgbìn kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe dáadáa níbẹ̀, wọ́n wá fi í sílẹ̀ fún àgùntàn, ehoro àti eré ṣíṣe. Bí òjò bá rọ̀, iyanrìn á fà á mu lójú ẹsẹ̀. Torí náà ilẹ̀ ibẹ̀ le. Bọ́ọ̀lù tó bá balẹ̀ níbẹ̀ kì í jókòó, ṣe ló ń sáré lọ.

Ẹ wá rántí ilẹ̀ wa nígbà ọyẹ́. Koríko ti gbẹ, ilẹ̀ pupa ti le gbagidi. Ẹni tó kọ́ gọ́ọ̀fù nílé láyé ìgbà yẹn, tó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé orí grínì (ibi tí ihò wà) tí wọ́n fi iyanrìn àti òróró pò ló ti ń gbá a, tí ẹ̀ka koríko kan ò sí níbẹ̀, ó ti mọ̀ pé bọ́ọ̀lù tó bá já bọ́ láti òkè máa ta sọnù. Ó mọ̀ pé ilẹ̀ ni wọ́n ń gbà lọ. Á gbá a sílẹ̀, á jẹ́ kó balẹ̀ ní 20 tàbí 30 yáàdì síwájú grínì, á sì jẹ́ kó máa yí lọ síbi tó ń lọ. Ohun tí St Andrews ń fẹ́ gan-an nìyẹn. Àwa tí a kọ́ ọ lórí koríko rírọ̀ ló ń jìyà níbẹ̀.

Èmi náà jìyà. Ọdún àkọ́kọ́ mi létí òkun, ọ̀pá tí ìdí rẹ̀ nípọn, tí wọ́n ń fi gbá bọ́ọ̀lù jáde nínú iyanrìn, ni mò ń mú níbi gbogbo tó bá ti sún mọ́ grínì. Lórí ilẹ̀ líle, ìdí ọ̀pá yẹn á kọ́kọ́ gbá ilẹ̀, á ta, á wá gba bọ́ọ̀lù láàárín, bọ́ọ̀lù á sì fò kọjá grínì lọ sí òdìkejì. Ó tó oṣù mẹ́fà kí n tó fi í sílẹ̀. Báyìí, tí mo bá wà ní 30 yáàdì sí grínì, tí kò sí nǹkan kan láàárín, pọ́tà, ọ̀pá tí wọ́n fi ń yí bọ́ọ̀lù lọ sínú ihò, ni mo ń mú. Ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín láti fi pọ́tà gbá a láti ọ̀nà jíjìn. Níbẹ̀, ọgbọ́n ni.

Àrẹ̀mọ_Edinburgh:
Ẹ ṣé púpọ̀, ẹ̀gbọ́n. Mo pe Dàdí lálẹ́ àná, mo ka ohun tí ẹ kọ sí wọn létí. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní, “Ṣé ilẹ̀ ibẹ̀ le bíi ti oṣù Ṣẹẹrẹ lọ́dọ̀ wa?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí. Wọ́n ní kí n jẹ́ kí wọ́n wá ọ̀pá márùn-ún wọn àtijọ́ jáde.

Kádì_Àná:
Mo fi ọdún mẹ́rin kàwé ní St Andrews, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn mẹ́ta nínú rẹ̀ ni mo fi ru àpò níbẹ̀, torí náà ẹ jẹ́ kí n sọ nípa bí ẹ ṣe máa rí àyè.

Pápá méje ló wà lábẹ́ àwọn tó ń bójú tó links ìlú náà. Old Course ni gbogbo ayé mọ̀. New Course wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tuntun ni wọ́n ń pè é àmọ́ 1895 ni wọ́n ṣí i. Jubilee, Eden àti Strathtyrum tún wà, àti Balgove tó jẹ́ oníhò mẹ́sàn-án, àti Castle tí wọ́n ṣí ní 2008 lórí òkè etí òkun lẹ́yìn ìlú. Ẹ má gbàgbé pé ilẹ̀ gbogbo èèyàn ni. Kì í ṣe ti kíláàbù kankan. Ẹni tó bá sanwó, tó sì ní ìwé tó yẹ, máa wọlé.

Fún Old Course, ìbò ni wọ́n ń ṣẹ́. Ẹ̀yin méjì ó kéré tán, mẹ́rin ó pọ̀ jù, ẹ máa fi orúkọ sílẹ̀ kí aago méjì ọ̀sán tó lù ní ọjọ́ méjì ṣáájú ọjọ́ tí ẹ fẹ́ gbá a. Tí ọjọ́rú ni ẹ ń fẹ́, ọjọ́ Ajé lẹ máa fi orúkọ sílẹ̀. Èsì á jáde ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Tí ẹ ò bá jẹ ẹ́, ẹ tún fi sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ọ̀pọ̀ ni kò jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ má bọkàn jẹ́. Ọjọ́ Àìkú, Old Course ń sinmi, kò sí gọ́ọ̀fù níbẹ̀ àyàfi tí ìdíje ńlá bá wà.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù: ẹ jẹ́ kí Dàdí gba ìwé ẹ̀rí hándíkáàpù (tó ń fi hàn bí èèyàn ṣe mọ gọ́ọ̀fù gbá tó) lọ́wọ́ kíláàbù wọn NÍ ÌBÀDÀN kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ òfurufú. Kí ẹ̀yin náà gba tiyín. Mo ti rí bàbá kan tó wá láti ọ̀nà jíjìn, tó dé ibi tíì àkọ́kọ́, níbi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í gbá a, láìní ìwé. Wọn ò jẹ́ kó gbá a. Mi ò lè gbàgbé ojú bàbá yẹn.

Ìyá_Ìbejì_Dundee:
Èmi ò gbá gọ́ọ̀fù, ọkọ mi ló ń gbá a, àmọ́ èmi ni mo ń dì ẹrù rẹ̀ fún un, mo sì ń bá a rìn.

Rélùwéè ò dé St Andrews mọ́ láti 1969. Leuchars lẹ máa sọ̀ sí, láti Edinburgh nǹkan bí wákàtí kan ni, bọ́ọ̀sì 99 á wá gbé yín wọ ìlú láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Tí ẹ bá ní mọ́tò, ó dára, àmọ́ ẹ tètè jáde, ibi ìgbọ́kọ̀sí máa ń kún nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Aṣọ. Ẹ gbọ́ mi dáadáa lórí aṣọ. Oṣù Keje ni wọ́n ń pè ní ẹ̀ẹ̀rùn níbí, àmọ́ àgbàlagbà tó ń ti Ìbàdàn bọ̀ máa gbọ̀n tí atẹ́gùn òkun bá dìde. Sínglẹ́ẹ̀tì, ẹ̀wù àwọ̀tẹ́lẹ̀ olówùú, súwẹ́tà tó fúyẹ́, kóòtù òjò tó dì mọ́ra tí atẹ́gùn ò ní wọ̀. Ẹ̀wù tó tóbi máa ń fẹ́ lẹ̀ bí ìgbòkun, kì í jẹ́ kí apá ṣiṣẹ́. Fìlà tó bo etí. Ìbọ̀sẹ̀ méjì-méjì, ẹ fi ìkejì sínú ọ̀rá kó má tutù. Ìbọ̀wọ́ tí wọ́n fi òwú hun fún ìgbà tí wọ́n bá ń rìn. Agbòjò ò wúlò níbẹ̀ rárá, atẹ́gùn máa yí i padà.

Oúnjẹ náà: ẹ má retí pé wọ́n máa jẹ búrẹ́dì tútù fún wákàtí mẹ́rin. Mo máa ń fi jọ̀ọ́fù gbígbóná sínú fúláàsì kékeré, mo máa ń fi ẹran díndín sínú fóìlì. Tíì gbígbóná lọ́tọ̀. Lẹ́yìn ihò kẹsàn-án wọ́n máa dúpẹ́ lọ́wọ́ yín.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Glasgow:
Mo bọ̀wọ̀ fún gbogbo yín, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ òdìkejì. Old Course ju 300 pọ́n-ùn lọ fún ẹnìkan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ̀yin méjì, ó ti lé ní 600, ẹ ò tíì ka owó kádì, ẹni tó máa ru àpò. New Course wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gan-an, iyanrìn kan náà, atẹ́gùn kan náà, ó sì dín owó gan-an. Ọ̀pọ̀ ará ìlú yẹn ló fẹ́ràn rẹ̀ ju Old lọ. Tí ẹ bá fi owó tó kù ra nǹkan fún Màmá nílé, ṣé kò dáa jù?

Kádì_Àná:
Ẹ̀gbọ́n, fún èmi àti ẹ̀yin, òótọ́ lẹ sọ, New Course ni èmi náà ń gbá jù. Àmọ́ bàbá tó ti ń dárúkọ ibì kan láti ìgbà tó ti ń ru àpò, tó ti wá di ẹni ọdún 72, ẹ jẹ́ kí wọ́n tẹ ilẹ̀ náà gan-an. Kí Àrẹ̀mọ gba àyè lórí New Course sílẹ̀ ṣáájú, kí ó má baà di pé wọ́n lọ lásán. Kí wọ́n máa wá fi orúkọ sínú ìbò Old Course lójoojúmọ́ tí wọ́n bá fi wà níbẹ̀.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Glasgow:
Mo gbà. Mo ti ń ro bàbá tèmi tó ti lọ bí mo ṣe ń ka tiyín. Ẹ mú wọn lọ.

Àrẹ̀mọ_Edinburgh:
Ẹ ṣé gbogbo yín. Ìbéèrè kan ló kù. Orúnkún ọ̀tún Dàdí máa ń dùn wọ́n. Ṣé ọkọ̀ kékeré tó ń gbé èèyàn káàkiri pápá wà níbẹ̀? Ṣé ẹsẹ̀ wọn lè gbé e?

Kádì_Àná:
Old Course, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn ín. Ọkọ̀ kékeré ò sí fún ẹnikẹ́ni àyàfi tí ọ̀rọ̀ ìlera bá wà, pẹ̀lú ìwé dókítà. Ẹ kọ̀wé sí wọn ṣáájú, ẹ ṣàlàyé. Àmọ́ ilẹ̀ náà kò ní òkè gíga, ìgbì-ìgbì ló rí. Ohun tó máa ń dá ẹsẹ̀ lágara níbẹ̀ ni pé kò sí ibi tó tẹ́jú pátápátá tí èèyàn lè dúró sí. Ẹsẹ̀ kan wà lókè, ẹsẹ̀ kan wà nísàlẹ̀.

Ẹ gba kádì kan fún Dàdí, ó kéré tán ọ̀kan. Mo mọ̀ pé owó ni, ẹ sì máa fi nǹkan lé e fún un lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ìdajì ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí Old Course ni ojú àlejò ò rí. Ẹ máa dúró lórí tíì, ẹ máa wo iwájú, igbó ẹlẹ́gùn-ún nìkan lẹ máa rí, kádì á wá nawọ́ sí ilé ìjọsìn kan lókèèrè, á ní, “Ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ni kí ẹ gbá a sí.” Ẹ gbọ́ tiẹ̀.

Òfin kan tí mo máa ń sọ fún gbogbo èèyàn: ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá ń ṣe iyèméjì, kó gbá a sí òsì. Lọ́wọ́ ọ̀tún ni ẹ̀gún àti ààlà pọ̀ sí ní àlọ. Òsì máa ń fẹ̀ torí pápá àlọ àti pápá àbọ̀ ló wà pa pọ̀. Ihò kìíní àti ìkejìdínlógún pín pápá kan náà tó fẹ̀ ju 100 yáàdì lọ. Ọ̀nà kan sì gba àárín rẹ̀ kọjá tí àwọn ará ìlú ń gbà lọ sí etí òkun pẹ̀lú ọmọ àti ajá. Ẹ dúró kí wọ́n kọjá. Tí bọ́ọ̀lù bá yà sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni, ẹ fi gbogbo ohùn kígbe “Fore!”

Grínì méje ló ní ihò méjì lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nọ́ńbà méjèèjì tó bá pàdé máa ń pé 18: ìkejì àti ìkẹrìndínlógún, ìkẹta àti ìkẹẹ̀ẹ́dógún, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Àsíá funfun ni ti àlọ, pupa ni ti àbọ̀. Ẹ wo àwọ̀ àsíá kí ẹ tó gbá a, torí àwọn grínì yẹn tóbi débi pé tí ẹ bá gbá a sí àsíá tí kì í ṣe tiyín, ẹ lè bá ara yín ní 50 yáàdì sí ihò yín. Ihò keje àti ìkọkànlá sì dábùú ara wọn. Ẹ wo ọ̀tún, ẹ wo òsì níbẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ sọdá títì márosẹ̀.

Ẹ̀fúùfù_Lẹ́lẹ́:
Kádì ti sọ ọ̀nà, ẹ jẹ́ kí n sọ ti bọ́ǹkà, àwọn kòtò oníyanrìn, àti atẹ́gùn.

Bọ́ǹkà 112 ló wà lórí Old Course, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sì hàn láti ibi tíì. Kékeré ni púpọ̀ nínú wọn, ògiri wọn ga, koríko tí wọ́n gé tò léra bíi búlọ́ọ̀kù ni wọ́n fi mọ ọ́n. Ilẹ̀ tó yí wọn ká sì dà sínú wọn, bọ́ọ̀lù tó ń yí lọ jẹ́ẹ́jẹ́ lè fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ inú rẹ̀. Ní ihò kẹrìnlá, èyí tí wọ́n ń pè ní Hell, ọ̀run àpáàdì, wà láàárín ọ̀nà. Jack Nicklaus tó ti gba Open, ìdíje gọ́ọ̀fù ńlá, níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì wọ inú rẹ̀ ní 1995, ó gbá a lẹ́ẹ̀mẹrin kó tó jáde, 10 ló kọ sílẹ̀ fún ihò yẹn. Ní ihò kẹtàdínlógún, ọ̀kan kékeré wà níwájú grínì. Ní 1978, Tommy Nakajima ti wà lórí grínì náà pẹ̀lú ìgbá méjì péré, ó fi pọ́tà gbá a wọ bọ́ǹkà yẹn, 9 ló gbẹ̀yìn. Ẹ wá wo Tiger Woods ní 2000: ọjọ́ mẹ́rin, ihò 72, kò wọ bọ́ǹkà kankan rárá, ó sì fi ìgbá mẹ́jọ borí ẹni tó tẹ̀lé e. Àwọn tó mọ ibẹ̀ sọ pé yíyẹra fún bọ́ǹkà ló gbé e délé ju agbára lọ.

Tí ẹ bá wọ inú rẹ̀, tí bọ́ọ̀lù sì lẹ̀ mọ́ ògiri, ẹ má gbìyànjú láti gbá a síwájú. Ẹ gbá a sí ẹ̀gbẹ́, ẹ gbá a sẹ́yìn pàápàá. Tí kò bá sí ọ̀nà rárá, láti 2019 òfin gba yín láyè: ẹ fi ìgbá méjì kún un, ẹ gbé bọ́ọ̀lù náà jáde, ẹ sọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn bọ́ǹkà ní ojú ìlà kan náà pẹ̀lú ihò. Fún orúnkún tó ń dunni, ìgbá méjì yẹn dín ìyà ju gígùn wọ kòtò àti jíjáde lọ.

Nípa atẹ́gùn, àwọn baba wa ní ibi tó wu ẹ̀fúùfù lẹ́lẹ́ ní í darí ìgbẹ́ sí. Ẹ má bá a jà. Tó bá ń kọjú sí yín, ẹ mú ọ̀pá tó lè lọ jìnnà ju bó ṣe yẹ lọ, ọ̀kan tàbí méjì, ẹ gbé bọ́ọ̀lù sún mọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún, ẹ gbá a wẹ́rẹ́, ẹ má gbé ọ̀pá kọjá èjìká lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá fi agbára nà án, bọ́ọ̀lù rẹ̀ á máa yí lójú òfurufú, á sì lọ sókè bí ẹyẹ tí atẹ́gùn gbá mú. Pápá náà lọ tààrà jáde láti inú ìlú, ó sì ṣẹ́rí padà. Bí ó bá kọjú sí yín ní àlọ, ó yẹ kó gbé yín ní àbọ̀. Àmọ́ mo ti rí ọjọ́ tí òkun kún, tí atẹ́gùn yí padà pẹ̀lú rẹ̀, tó kọjú sí wa lọ, kọjú sí wa bọ̀.

Nọ́ọ̀sì_Aberdeen:
Ọ̀rọ̀ kékeré kan. Kùrukùru òkun apá ìlà-oòrùn Skọ́tlándì, haar ni wọ́n ń pè é, lè bo gbogbo nǹkan lójú oòrùn gan-an, láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Òtútù rẹ̀ máa ń wọ eegun. Tí Dàdí bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti ọkàn, kí wọ́n lò ó lásìkò bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, kí ó sì wà lápò yín. Àwọn àgbà wa máa ń mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ ìrìn kí wọ́n má baà tọ̀ lọ́nà. Ẹ bi wọ́n léèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Kí wọ́n sì máa mu omi.

Àgbà_Peckham:
Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́. Mo lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú kan pẹ̀lú ìyàwó mi, a ò gbá nǹkan kan, ọjọ́ yẹn sì wà lára ọjọ́ tó dùn mọ́ mi jù ní gbogbo ọdún tí mo ti wà nílùú yìí. Old Course máa ń di ọgbà gbogbo ìlú lọ́jọ́ Àìkú. Èèyàn lè rìn lórí pápá náà, kó sọdá afárá òkúta Swilcan lọ́fẹ̀ẹ́, kó ya fọ́tò, kó wo inú Hell láti òkè.

Ẹ jẹ́ kí Dàdí mọ̀ pé àwọn ará ibẹ̀ jà fún ilẹ̀ yẹn. Ní 1457, ọba wọn fòfin de gọ́ọ̀fù torí àwọn ọkùnrin ò kọ́ ọfà títa mọ́. Ní 1552, bíṣọ́ọ̀bù àgbà wọn gba ẹ̀tọ́ láti sin ehoro lórí ilẹ̀ náà, inú ìwé yẹn kan náà ni wọ́n kọ ẹ̀tọ́ ará ìlú sí pé wọ́n lè máa ṣeré níbẹ̀. Nígbà tó yá, gbèsè ìlú mú kí wọ́n ta ilẹ̀ náà, ó bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ń sin ehoro, ìjà ńlá bẹ́ sílẹ̀ kí ọlọ́rọ̀ kan tó rà á padà ní 1821 tó sì dá a sí fún gọ́ọ̀fù. Ihò 18 tí gbogbo ayé ń gbá lónìí, ibẹ̀ ló ti wá. 22 ni wọ́n ń gbá tẹ́lẹ̀, wọ́n dín in kù ní 1764.

Kí ẹ sì mú wọn lọ sí itẹ́ òkú tó wà ní àwókù ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ìlú náà. Tom Morris àgbà àti ọmọ rẹ̀ sinmi síbẹ̀. Bàbá yẹn kọ́ṣẹ́ bọ́ọ̀lù ṣíṣe nígbà tó wà ní ọmọdé, ó di olùtọ́jú pápá, ó gba Open lẹ́ẹ̀mẹrin. Ọmọ rẹ̀ gbà á lẹ́ẹ̀mẹrin náà. Ní 1869, ọmọ ló gba ipò kìíní, bàbá gba ìkejì. Ọmọ náà kú ní ọjọ́ Kérésìmesì 1875, ẹni ọdún 24. Bàbá yè ju ọdún 32 lọ lẹ́yìn rẹ̀. Mo dúró níbẹ̀ pẹ́.

Àrẹ̀mọ_Edinburgh:
Bàbá, ẹ ṣé. Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Kádì_Àná:
Mo gbàgbé ohun kan. Ẹ béèrè Himalayas. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Old Course ni, grínì ńlá kan tó kún fún òkè àti àfonífojì, pọ́tà nìkan ni wọ́n fi ń gbá a. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1867 ló ń ṣàkóso rẹ̀. Owó kékeré ni wọ́n ń gbà, ẹnikẹ́ni lè wọlé ní àkókò tí wọ́n bá ṣí i fún ará ìta, ọmọdé, àgbà, láìní ìwé kankan. Tí ìbò ò bá bọ́ sí i, kí Dàdí àti àwọn ọmọ-ọmọ lo wákàtí kan níbẹ̀.

Àrẹ̀mọ_Edinburgh:
Ẹ kú àdúrótì. A dé láti St Andrews lálẹ́ àná, mo ní kí n kọ ọ́ kí n tó padà síbi iṣẹ́.

Ọjọ́ Àìkú la kọ́kọ́ lọ rìn, bí Àgbà_Peckham ṣe wí. Dàdí rọra tẹ ilẹ̀ náà mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní, “Oṣù Ṣẹẹrẹ ni.” Ìbò tí a ti fi orúkọ sí lọ́jọ́ Àbámẹ́ta fún ọjọ́ Ajé ò jẹ, a sì gbá New Course lọ́jọ́ Ajé náà. Ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ò jẹ, a lọ sí itẹ́ òkú àti Himalayas. Ti ọjọ́rú jẹ. Aago 3:20 ọ̀sán. Mo pariwo nínú ilé oúnjẹ.

Atẹ́gùn kọjú sí wa ní àlọ. Èmi, gbogbo ohun tí ẹ sọ ni mo gbàgbé ní ihò méjì àkọ́kọ́, mo fi agbára nà án, bọ́ọ̀lù mi fò lọ sókè, ó já bọ́ sẹ́yìn. Dàdí ò gbé tiwọn sókè rárá. Ọ̀pá kan tí irin rẹ̀ ti ń dúdú, mo rò pé nọ́ńbà mẹ́rin ni, ni wọ́n ń fi gbá a láti 150 yáàdì, bọ́ọ̀lù á ta lẹ́ẹ̀kan, á ta lẹ́ẹ̀kejì, á wá máa yí lọ láàárín àwọn ìgbì ilẹ̀ yẹn bí ẹni pé ó mọ ọ̀nà. Kádì tó ń bá wa rìn, ọmọkùnrin kékeré kan láti ìlú náà, bi mí níbi ihò kẹfà pé níbo ni bàbá mi ti kọ́ links. Mo ní Ìbàdàn. Ó ní òkun wo ló wà ní Ìbàdàn? Mo ní kò sí.

A wọ Hell. Èmi ni, kì í ṣe Dàdí. Mo fi ìgbá méjì kún un, mo gbé e jáde, ẹ ṣé Ẹ̀fúùfù. Jọ̀ọ́fù Ìyá_Ìbejì la jẹ ní ihò kẹwàá, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kùrukùru dé ní ihò kẹẹ̀ẹ́dógún, súwẹ́tà yẹn ló yọ wá.

Nígbà tí a dé afárá Swilcan, mo ní kí Dàdí dúró kí n ya wọ́n. Wọ́n ní kí n ní sùúrù. Wọ́n lọ bá ọmọkùnrin tó ń ru àpò wọn, wọ́n gba àpò náà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gbé e kọ́ èjìká òsì, wọ́n sọ ọwọ́ ọ̀tún lé e kó má máa dún, bí wọ́n ṣe ń ṣe é láyé ọjọ́un. Wọ́n wá sọdá afárá náà bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà yọ fìlà. Fọ́tò tí mo yà nìyẹn, a ò ya òmíràn.

Ní ihò tó gbẹ̀yìn, bọ́ọ̀lù wọn dúró sínú kòtò iwájú grínì. Kádì fà ọ̀pá kan lé wọn lọ́wọ́, wọ́n mi orí, wọ́n béèrè pọ́tà. Bọ́ọ̀lù gun òkè náà, ó yà díẹ̀ sí ọ̀tún, ó dúró sí nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sí ihò. Wọ́n gbá a wọlé. Àwọn èèyàn tó fara ti irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, tí a ò mọ̀ rí, pàtẹ́wọ́ fún wọn.

Orúnkún náà wú díẹ̀ lálẹ́, mo fi yìnyín sí i, ó ti sọ̀ báyìí. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta a tún ń padà lọ sí Himalayas, Dàdí ti ní gbogbo ọmọ ilé yìí gbọ́dọ̀ tẹ̀lé àwọn.